Ohun Tí Ó Ń Kọjá Lórí Ọ̀fà ní Òru Ọyẹ́

Ìlú Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, wà ní nǹkan bí dìgírì mẹ́jọ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, èyí tí í ṣe ìlà tí àwọn onímọ̀ fi la ayé sí méjì lọ́gbọọgba láàárín àríwá àti gúúsù, ibi tí ìlú náà tẹ̀dó sí yìí sì ni ìdí pàtàkì tí ó fi yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti ṣàwárí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn rin ìrìnàjò lọ síbẹ̀. Ẹni tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìràwọ̀ apá gúúsù láé, nítorí pé ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ ni ó dí wọn mọ́ ọn lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ń gbé ní Cape Town kò ní rí ìràwọ̀ àríwá, ìyẹn ìràwọ̀ tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn atukọ̀ àtijọ́ fi ń mọ ọ̀nà lójú òkun. Ní Ọ̀fà, ìràwọ̀ àríwá kò ga ju nǹkan bí dìgírì mẹ́jọ lọ sókè ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀, nígbà tí àwọn ìràwọ̀ mẹ́rin tí wọ́n para pọ̀ di Àgbélébùú Gúúsù ń yọ ní apá kejì, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé kí ọdún kan tó yípo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìràwọ̀ kan tí ojú lásán lè rí tí kò ní yọ lójú ọ̀run ìlú náà. A kì í ka irú ojú ọ̀run tí ó pé báyìí mọ́ ọrọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ọrọ̀ gidi sì ni.

Láti gúúsù, ọ̀nà Òṣogbo ni ó tọ́ jù láti gbà dé ibẹ̀, tí a ó la Ìkìrun àti Òkukù kọjá, nítorí pé àwọn ìlú yìí kan náà ni ọ̀nà rélùwéè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì là láti Èkó lọ sí òkè ọya ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún gbà kọjá, tí ó sì sọ Ọ̀fà di ibùdókọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún, koríko ẹ̀bá ọ̀nà ti gbẹ, iná ti jó ibòmíràn nínú rẹ̀ di dúdú, ètè ń sán, eruku funfun kíkúnná sì bo gíláàsì iwájú ọkọ̀ débi pé ìka ọmọdé lè kọ orúkọ sí i. Eruku yìí kì í ṣe ti ojú ọ̀nà nìkan: ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti ibi kòtò ńlá Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì wá, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ ní ayé àtijọ́, atẹ́gùn ọyẹ́ sì ti gbé e la ohun tí ó lé ní 1,500 kìlómítà kọjá kí ó tó balẹ̀ sórí òkìtì ànàmọ́ ní ọjà Owódé. Àwọn ìyálọ́jà a máa to ànàmọ́ náà ní oríṣiríṣi, èyí tí èèpo rẹ̀ pọ́n lọ́tọ̀, èyí tí èèpo rẹ̀ funfun lọ́tọ̀, pẹ̀lú erùpẹ̀ oko lára wọn, èèyàn kò sì ní pẹ́ ní Ọ̀fà kí ó tó mọ̀ pé oúnjẹ tí a fi ń dá ìlú náà mọ̀ nìyẹn.

Ilẹ̀ máa ń tètè ṣú ní irú ibi tí ó súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé báyìí, nítorí pé oòrùn kì í yọ́ rìn gba ẹ̀gbẹ́ wọ̀ bí ó ti ń ṣe ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ṣe ni ó ń já bọ́ lójú ẹsẹ̀. Ní àwọn ọdún tí Àgùàlà bá ń yọ ní ìrọ̀lẹ́, òun ni a kọ́kọ́ ń rí, àwọn àgbà sì mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí èyí tí ń bá òṣùpá rìn. Ayé kan bí ayé tiwa yìí ni Àgùàlà í ṣe, kì í ṣe ìràwọ̀, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ sì ti fi orúkọ Odùduwà pe ọ̀kan nínú àwọn ibi ńlá tí ilẹ̀ ti wú roboto níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi orúkọ Ṣàngó pe ẹnu òkè ayọnáyèéfín kan lórí Io, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá tí ń yí pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà ká, níbi tí iná ti ń tú jáde láti inú ilẹ̀ láìdáwọ́dúró. Ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé Yorùbá mọ èyí ṣáájú kí wọ́n tó mọ orúkọ àwọn òrìṣà ilẹ̀ Róòmù.

Bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti ń lù ní ìparí oṣù kìíní, ìràwọ̀ pupa kan tí ó tàn ju ọ̀pọ̀ lọ yóò ti dúró ṣánṣán sí àtàrí ẹni tí ó bá wà ní Ọ̀fà, tí ó fi jẹ́ pé lórí ẹní ní àgbàlá, ní ìdùbúlẹ̀, ni ó ti rọrùn jù láti wò ó. Betelgeuse ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọ̀fà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ìràwọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba òkè orí wọn gan-an kọjá, nítorí pé ìwọ̀n tí ìlú náà fi wà ní àríwá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìràwọ̀ náà dọ́gba. Ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá gbé e sí ipò oòrùn wa, yóò gbé ayé yìí mì, yóò sì gbé Máàsì tí ó wà lẹ́yìn ayé mì pẹ̀lú. Jíjìnnà rẹ̀ kò ṣeé fi kìlómítà kà, nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń lo ọdún-ìmọ́lẹ̀, tí í ṣe ìrìn tí ìmọ́lẹ̀, tí ń sáré 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, lè rìn ní odindi ọdún kan; Betelgeuse sì jìnnà sí wa ju 500 ọdún-ìmọ́lẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìmọ́lẹ̀ tí ń wọ ojú ẹni tí ó dùbúlẹ̀ ní àgbàlá yẹn ti kúrò lára ìràwọ̀ náà nígbà ayé Ọ̀yọ́ Ilé.

Láti oṣù kẹwàá 2019 títí di oṣù kejì 2020, ìràwọ̀ yìí ṣe ohun tí ó da gbogbo onímọ̀ láàmú: ó ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pàdánù nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ tí a fi mọ̀ ọ́n, ojú lásán sì rí ìyàtọ̀ náà. Gbogbo onímọ̀ ni ó mọ̀ pé ìràwọ̀ tí ó ti gbó tí ó sì wú tó báyìí yóò bú gbàmù lọ́jọ́ kan, pé nígbà tí ó bá sì ṣẹlẹ̀, a ó máa rí i lójú ọ̀sán gangan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà ni àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í retí pé ọjọ́ náà ti dé. Kò tíì dé, ó sì lè ku 100,000 ọdún. Nígbà tí wọ́n fi awò ńlá, ìyẹn tẹlískóòpù, wò ó láti orí òkè ní ilẹ̀ Chile, tí wọ́n sì tún lo tẹlískóòpù Hubble tí ó ń yí ayé ká lókè lọ́hùn-ún, wọ́n rí i pé ìràwọ̀ náà ti pọ gáàsì gbígbóná púpọ̀ jáde kúrò nínú ara rẹ̀, pé gáàsì yìí tutù nígbà tí ó jìnnà díẹ̀, ó di eruku, eruku náà sì dúró gédégédé láàárín ìràwọ̀ náà àti ayé, ó dí i mọ́ wa lójú títí ó fi fọ́n ká.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá wo Betelgeuse láti Ọ̀fà ní àsìkò ọyẹ́ ń wò ó la eruku méjì kọjá, eruku tí ìràwọ̀ náà ń tú jáde lọ́hùn-ún àti eruku Bodélé tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ níbí, àwọn onímọ̀ físíìsì tí ń ṣèwádìí eruku méjèèjì sì ń fi ọgbọ́n kan náà ṣiṣẹ́, èyí tí í ṣe pé kí a wo irú àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí eruku gbà mì àti irú èyí tí ó jẹ́ kí ó kọjá, kí a sì ti ibẹ̀ mọ bí eruku náà ti tóbi àti bí ó ti pọ̀ tó. Ní Yunifásítì Ìlọrin, tí kò ju nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà lọ sí Ọ̀fà, ẹ̀rọ kan ti ń kọjú sí oòrùn láti àwọn ọdún 1990, tí ó ń wọn bí eruku ọyẹ́ ti ń dín ìmọ́lẹ̀ oòrùn kù lójoojúmọ́, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà lára èyí tí àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ nípa eruku Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìmọ̀ yìí jẹ́ ohun àjèjì ní ilẹ̀ náà. Ó ti wà níbẹ̀, ojú oòrùn ni ó sì kọ́kọ́ kọ sí.

Ní ìsàlẹ̀ Betelgeuse, sí apá gúúsù, ni ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ òru lọ wà, èyí tí A. B. Ellis kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1894 pé àwọn Yorùbá ń pè ní Ìràwọ̀ Ọkọ̀ nítorí pé ó ń tọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi sọ́nà. Nínú àwùjọ ìràwọ̀ kan náà ni ìràwọ̀ mìíràn wà tí ojú lásán kò lè rí, tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ jẹ́ HD 43197, tí ó sì di ti Nàìjíríà ní 2019, nígbà tí Àjọ Àgbáyé fún Ìmọ̀ Ìràwọ̀ ń ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀, tí ó fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ní ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan àti pílánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sọ wọ́n lórúkọ. Orúkọ Amadioha, òrìṣà àrá àwọn Ìgbò, ni Nàìjíríà fún ìràwọ̀ náà, wọ́n sì sọ pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí i ká ní Equiano, láti bọ̀wọ̀ fún Olaudah Equiano, ẹni tí wọ́n tà sóko ẹrú tí ó sì kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ jáde ní 1789. Ṣáájú 1995, kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀rí hàn pé pílánẹ́ẹ̀tì ń yí ìràwọ̀ kankan tí ó dà bí oòrùn wa ká lẹ́yìn oòrùn fúnra rẹ̀. Ní ọdún náà ni Michel Mayor àti Didier Queloz, àwọn ọmọ ilẹ̀ Switzerland, rí ọ̀kan, nípa ṣíṣàkíyèsí pé ìràwọ̀ kan ń mì síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ nítorí pé ohun kan tí a kò rí ń fà á. Lónìí iye àwọn tí a ti rí ti lé ní 6,000, tẹlískóòpù James Webb tí wọ́n sì rán lọ sójú ọ̀run ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá 2021 ti lágbára débi pé ó ń mọ irú gáàsì tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú wọn.

Lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru, ó sàn kí arìnrìnàjò sùn díẹ̀, kí ó sì jí padà ní nǹkan bí aago mẹ́rin àbọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, nígbà tí òtútù ọyẹ́ bá mú jù. Ohun tí ó wà lójú ọ̀run Ọ̀fà ní wákàtí yẹn kò hàn sí ojú lásán, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé òun ni ó tóbi jù nínú gbogbo ìrìnàjò yìí. Láìjìnnà ju nǹkan bí dìgírì mẹ́rin lọ sí àtàrí ni agbo ìràwọ̀ kan tí a ń pè ní M87 wà, agbo ìràwọ̀ sì ni àkójọ àìmọye bílíọ̀nù ìràwọ̀ tí òòfà ara wọn so pọ̀. Ní àárín gbùngbùn M87 ni ihò dúdú kan wà, èyí tí í ṣe ibi tí ohun púpọ̀ jọjọ ti rún pọ̀ sí ojú kan tó bẹ́ẹ̀ tí òòfà rẹ̀ kò fi jẹ́ kí ohunkóhun jáde, ìbáà ṣe ìmọ́lẹ̀ pàápàá. Ìwúwo ihò dúdú yìí tó ti oòrùn bílíọ̀nù 6.5, ìmọ́lẹ̀ tí ń ti agbègbè rẹ̀ bọ̀ sì ti wà lójú ọ̀nà fún nǹkan bí mílíọ̀nù 55 ọdún.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 2019 ni aráyé kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀: òrùka iná pípọ́n kan tí ó yí òkùnkùn ká, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju òkè lọ, nítorí pé gáàsì tí ń sáré yí ihò náà ká ń bọ̀ sí ọ̀dọ̀ wa ní apá ibẹ̀. Kò sí tẹlískóòpù kan ṣoṣo láyé tí ó lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, nítorí pé yóò ní láti tóbi tó ayé fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ tí wọ́n ya àwòrán náà, tí wọ́n lé ní igba, wá dá ni pé kí tẹlískóòpù rédíò méje, láti Chile, Mẹ́síkò, Amẹ́ríkà àti Spéìnì, wo M87 lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù kẹrin 2017, nígbà tí ẹ̀kẹjọ, tí ó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé níbi tí M87 kì í yọ sí, ń wo ibòmíràn láti fi ràn wọ́n lọ́wọ́, kí aago átọ́ọ̀mù tí kì í ṣìnà máa kọ àkókò tí ìgbì kọ̀ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì da gbogbo àkọsílẹ̀ náà pọ̀ sínú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ojú kan ni ó rí wọn. Àkọsílẹ̀ náà pọ̀ ju ohun tí a lè fi íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ lọ, nítorí náà inú ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n fi àwọn àpótí tí wọ́n kọ ọ́ sí rán, èyí tí ó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé sì ní láti dúró fún oṣù púpọ̀ kí òtútù tó rọ̀ tí ọkọ̀ òfúrufú fi lè balẹ̀ síbẹ̀. Nínú àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ náà, kò sí ọ̀kankan ní Áfíríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ti ń pète láti kọ́ ọ̀kan sí ilẹ̀ Nàmíbíà, nítorí pé àlàfo tí àìsí Áfíríkà fi sílẹ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí tóbi.

Ìtàn bí a ti ṣe mọ̀ pé òòfà lè mú ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ kò jìnnà sí Ọ̀fà rárá. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1919, ní erékùṣù Príncipe tí ó wà nínú òkun tí ó bá etí òkun Nàìjíríà pààlà, tí ibẹ̀ sí Ọ̀fà kò sì tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà, Arthur Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya àwòrán àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tí òṣùpá fi bo oòrùn lójú, tí ìkùukùu sì ń dà á láàmú. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán náà wé ti ìgbà tí oòrùn kò sí níbẹ̀, àwọn ìràwọ̀ náà ti yẹ̀ kúrò ní ipò wọn díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Albert Einstein ti sọ ní 1915 pé yóò rí, nítorí pé ìwúwo oòrùn ti mú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà tẹ̀. Òfin Einstein yìí kan náà ni ó sọ bí òkùnkùn àárín òrùka M87 yóò ti tóbi tó kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n wà ní Ọ̀fà ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2006 lè rántí irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀: òjìji òṣùpá gba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wọ apá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ó là á kọjá láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, ó sì bọ́ sí ilẹ̀ Nìjẹ̀r, Ọ̀fà wà ní ẹ̀gbẹ́ gúúsù ọ̀nà náà, nítorí bẹ́ẹ̀ oòrùn kò bò tán níbẹ̀, ó ku ẹ̀là tín-ín-rín.

Ohun mìíràn tí Einstein sọ, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì gbà gbọ́ pé a lè rí láé, ni ìgbì òòfà, èyí tí í ṣe pé bí ohun tí ó wúwo gidigidi bá ń yí kíákíá, yóò máa gbọn àyè tí gbogbo nǹkan wà nínú rẹ̀, gbígbọ̀n náà yóò sì máa tàn kálẹ̀. Ọ̀fà ni ìlú ìjàkadì, ẹni tí ó bá sì ti rí ìjàkadì níbẹ̀ rí yóò lóye ohun tí ihò dúdú méjì ń ṣe: wọn yóò kọ́kọ́ máa yí ara wọn po láti òkèèrè, wọn yóò máa súnmọ́ra, yíyípo náà yóò máa yá sí i, títí wọn yóò fi dì mọ́ra. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 2015, ẹ̀rọ méjì tí a ń pè ní LIGO, ọ̀kan ní Ìpínlẹ̀ Washington, èkejì ní Louisiana, gbọ́ òpin irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èyí tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí bílíọ̀nù 1.3 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀rọ náà ní apá méjì tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlómítà mẹ́rin, tí iná lésà ń sáré lọ sáré bọ̀ nínú wọn, ìgbì tí ó kọjá sì yí gígùn apá náà padà ní ìwọ̀n tí ó kéré ju àárín átọ́ọ̀mù lọ fíìfíì. Ihò dúdú tí ó wúwo tó oòrùn 36 àti èyí tí ó tó 29 di ọ̀kan ṣoṣo tí ó tó 62, oòrùn mẹ́ta tí ó sọnù nínú ìṣirò náà sì di ìgbì. Rainer Weiss, Kip Thorne àti Barry Barish ni wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yìí ní 2017. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún náà, ìgbì mìíràn dé, ti àárín ìràwọ̀ kíkú méjì tí wọ́n fi ara gbá ara wọn, àwọn tẹlískóòpù tí wọ́n sì yára kọjú sí ibẹ̀ rí ẹ̀rí pé nínú irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ni wúrà ti ń di wúrà. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí ọ̀pọ̀ nínú wúrà ọrùn àti etí ìyàwó ojú agbo ní Ọ̀fà ti wá láti inú irú ìkọlù yìí, kí ayé tó wà.

Ní wákàtí yìí kan náà, bí ènìyàn bá ti ojú kúrò ní àtàrí tí ó sì kọ ojú sí gúúsù, yóò rí Àgbélébùú Gúúsù tí ó dúró ṣinṣin, ní apá òsì rẹ̀, ní ìlà-oòrùn gúúsù, ni agbo ìràwọ̀ tiwa, èyí tí oòrùn jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, sì ti ń gbé àárín gbùngbùn rẹ̀ yọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀. Ihò dúdú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Sagittarius A* ni orúkọ rẹ̀, ó jìnnà sí wa ní nǹkan bí 27,000 ọdún-ìmọ́lẹ̀, ó sì wúwo tó oòrùn mílíọ̀nù mẹ́rin. Reinhard Genzel ní Jámánì àti Andrea Ghez ní Amẹ́ríkà ṣọ́ àwọn ìràwọ̀ tí ń yí i ká fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá ọ̀kan tí ń yí i po ní ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ó sì ń sáré ju 7,000 kìlómítà lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bí ó bá súnmọ́ ọn jù. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2020 pẹ̀lú Roger Penrose, àwòrán ihò dúdú náà sì jáde ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún 2022. Ihò dúdú méjì yìí nìkan ni ènìyàn tíì ya àwòrán òjìji wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àwọn méjèèjì sì wà lójú ọ̀run Ọ̀fà pọ̀ ní ìdájí oṣù kìíní, ọ̀kan ní àtàrí, èkejì ní ìlà-oòrùn gúúsù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, èkejì kì í ga ju dìgírì mẹ́wàá lọ láéláé.

Bí ojú ọ̀run bá dára tó báyìí, kí ni ó dé tí kò sí ilé iṣẹ́ ìràwọ̀ níbẹ̀? Àwọn kan yóò sọ pé eruku ọyẹ́ àti ìkùukùu òjò kò ní jẹ́ kí tẹlískóòpù ríran, òótọ́ sì ni bí ó bá jẹ́ ti tẹlískóòpù onídígí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbì rédíò kì í kọ eruku, kì í kọ ìkùukùu, kì í sì í dúró de kí ilẹ̀ ṣú. Nínú ìgbì rédíò ni a sì ti rí àwòrán ihò dúdú méjèèjì. Ní Gúúsù Áfíríkà, tẹlískóòpù rédíò 64 tí wọ́n para pọ̀ di MeerKAT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, àwòrán àárín agbo ìràwọ̀ wa tí wọ́n sì yà kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ní Kuntunse, lẹ́bàá Accra ní ilẹ̀ Gánà, àwo ńlá kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 32 wà, tí wọ́n ti fi ń gba ìpè tẹlifóònù láti òkè òkun kí okùn abẹ́ òkun tó gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ Gánà àti ti Gúúsù Áfíríkà tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹjọ 2017 gẹ́gẹ́ bí tẹlískóòpù rédíò. Gánà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Áfíríkà tí wọ́n bá Gúúsù Áfíríkà dòwò pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, Nàìjíríà kò sì sí lára wọn, bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà náà kọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀ sí Lánlátẹ̀, ní Ìbàràpá, ní àwọn ọdún 1970. Èyí dun ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó wà lókè.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan kò nílò àwo mítà 32 láti bẹ̀rẹ̀. Ní 1951, ní Yunifásítì Harvard, Harold Ewen àti Edward Purcell fi pákó kan ìwo ńlá kan, wọ́n fi bàbà tẹ́ inú rẹ̀, wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ gba ojú fèrèsé jáde, wọ́n sì di ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbọ́ ìgbì tí gáàsì háídrójìn inú agbo ìràwọ̀ wa ń fọ̀, èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21. Irú ìwo bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń fi páálí àti bébà onírin ṣe lónìí, tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ agbóhùn kékeré kan àti kọ̀ǹpútà alágbèéká, bátìrì sì tó láti gbé e ṣiṣẹ́ nígbà tí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ. Àwọn oníṣẹ́ pákó ń bẹ ní Ọ̀fà, Ilé-ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ ti wà níbẹ̀ láti 1992, Ọ̀fà Grammar School sì ti wà láti 1943. Bí wọ́n bá kọ ẹnu ìwo náà sí ìlà-oòrùn gúúsù ní ìdájí oṣù kìíní, kí wọ́n sì máa darí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tẹ̀lé ipa agbo ìràwọ̀ wa, wọn yóò rí i lójú kọ̀ǹpútà pé gáàsì apá kan ń bọ̀ sí ọ̀dọ̀ wa, ti apá mìíràn sì ń lọ, láti inú ìyàtọ̀ yìí ni wọn yóò sì ti fi ọwọ́ ara wọn ṣírò bí agbo ìràwọ̀ tí Ọ̀fà wà nínú rẹ̀ ti ń yára yípo tó.